Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wọ bàálù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ojú

Pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ ni mo wà báyìí. Ẹnì kan wọ jígí dúdú, ó ń fi ìka ra ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lésà ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra á! Nínú LASIK, iṣẹ́ abẹ lésà tí wọ́n fi ń tún ìríran ṣe, wọ́n máa ń gé awẹ́ tín-ín-rín lójú ẹyinjú, wọ́n á ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á wá dá a padà láìrán an. Ìka lè sún un kúrò láàyè rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ rò pé gíga òfurufú ló léwu. Rárá o, gbígbẹ ni. Ọ̀rinrin inú bàálù kì í sábà ju 20 nínú 100 lọ, iṣẹ́ abẹ náà sì ti gé àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ń jẹ́ kí ojú sun omi. Ẹ ra omi tí wọ́n ń kán sójú, èyí tó wà nínú ike kéékèèké, ìlò ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ kán an kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì máa kán an ní wákàtí wákàtí. Ẹ yí ihò atẹ́gùn orí yín síbòmíràn. Inú àpò ọwọ́ ni kí omi ìkánsójú náà wà, kì í ṣe inú àpótí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín.

Àkúrẹ́ sí Èkó kò tó nǹkan. Eruku ọyẹ́ níta gan-an le jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ojú wò lọ́jọ́ kejì kí ẹ tó gbéra. Tó bá jẹ́ PRK, irú iṣẹ́ abẹ lésà tí wọn kì í ti í gé awẹ́, ẹ dúró kí wọ́n yọ lẹ́ǹsì tí wọ́n fi bo ojú náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi gáàsì sínú ojú rẹ̀ nítorí rẹ́tínà (awọ ẹ̀yìn inú ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀) kò gbọdọ̀ wọ bàálù rárá títí gáàsì náà yóò fi tán: ó máa ń wú lókè, ó sì lè fọ́ni lójú.