Àga tó mọ ẹ̀yìn mi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lálẹ́

A ò gbé kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wálé mọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tu owó jọ nítorí rẹ̀, láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ìrókò pọ́ńbélé, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méje, dígí gbọọrọ lókè rẹ̀, dírọ́ọ̀ mẹ́fà tí ìdìmú wọn jẹ́ idẹ. Àga onígi méjì ni mo gbé dé dípò rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti jókòó sínú ọ̀kan, n kò tíì fẹ́ dìde.

Pópó Àgùdà ni ilé tí wọ́n ti ń tà á wà, ní Èkó, lẹ́bàá òpópónà Bámgbóṣé. Wọ́n fẹ́ wó o kí wọ́n kọ́ tuntun, Màmá tó ni ín sì ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ṣùrùlérè, níbi tí yàrá kan péré ti ń dúró dè wọ́n. Mo bẹ Bàbá Káfíńtà pé kí wọ́n bá mi lọ, nítorí ojú ni èmi fi ń ra nǹkan, àwọn a máa fi ọwọ́, imú àti etí rà á. Bí a ṣe ń gba Tinúbú kọjá, wọ́n dúró díẹ̀ níbi tí ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar wà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n kéde ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. "Gbogbo igi inú ilé yẹn ńkọ́?" ni Bàbá bi mí. N kò rí èsì fọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú padà, bá wálé láti Bràsíl. Bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà nínú wọn. João Baptista da Costa tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ara wọn ni. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi máa ń fà sí ẹrù ilé àdúgbò yẹn.

Bàbá ò tilẹ̀ wo dígí. Wọ́n fa dírọ́ọ̀ kan jáde pátápátá, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí orúnkún wọn, wọ́n ní kí n wá wo igun rẹ̀. Kò sí ìṣó kankan níbẹ̀. Wọ́n gé etí pákó méjèèjì bí ìrù ẹyẹlé, wọ́n wá ki ọ̀kan bọ inú èkejì bí ìgbà tí èèyàn bá ki ìka ọwọ́ ọ̀tún bọ àárín ìka ọwọ́ òsì. Àwọn ìrù náà kò dọ́gba, ọ̀kan fẹ̀ ju èkejì lọ díẹ̀. "Ọwọ́ ló gé e," ni wọ́n wí. "Ẹ̀rọ ì bá ti gé e dọ́gba." Inú dírọ́ọ̀ náà kò ní pọ́líìṣì. Ó ń rùn káńfọ̀ àti àbẹ́là, nítorí àbẹ́là ni wọ́n fi ń pa ìsàlẹ̀ rẹ̀ lásìkò òjò, tí pákó bá wú tí kò ṣe é fà mọ́.

Lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ́ bébà dúdú kan sábẹ́ ẹsẹ̀ òsì, wọ́n fi ìka lu ẹsẹ̀ náà. Ìyẹ̀ funfun dà sílẹ̀, kíún. Ẹni tó bá ti rí ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n Ifá rí á mọ bó ṣe ń rí, kòkòrò ló ń jẹ igi ìrosùn kí ìyẹn náà tó jáde. Bàbá ní ihò nìkan kọ́ ni èèyàn ń sá fún. Ihò tó ti dúdú, tí kò da nǹkan kan sílẹ̀, kòkòrò ibẹ̀ ti lọ tipẹ́. Ìyẹ̀ tuntun ló ń sọ pé wọ́n ṣì wà nídìí oúnjẹ. Ẹsẹ̀ yẹn kì í sì í ṣe ìrókò, ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀ sí arère, arère sì dùn lẹ́nu kòkòrò. Kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa Solignum, oògùn kòkòrò igi, sínú àwọn ihò náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹrù náà sì gba afẹ́fẹ́ níta fún ọ̀sẹ̀ kan, kò burú. Kì í ṣe kòkòrò ni kò jẹ́ kí n rà á.

Màmá ló sọ ọ̀rọ̀ tó yí mi lérò padà, àwọn gan-an ò sì mọ̀. Wọ́n ń ṣí dírọ́ọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀ fún mi: àwo pẹrẹsẹ níbí, ṣíbí níbí, aṣọ tábìlì níbí. Bó bá ku ọ̀la kó di Ọjọ́ Ẹtì Rere, wọ́n á ti máa se fréjọ̀n láti òru, ẹ̀wà àti omi àgbọn, kó kúnná, kó dùn, ẹja dídín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹbí á dé láti Campos, láti Yábàá, láti ibi gbogbo, àwo á sì tán pátá nínú àwọn dírọ́ọ̀ náà. Bàbá wá yíjú sí mi. "Ìyá Ìbejì, kí lẹ̀yin máa kó sí i?"

Mo ronú. Àwọn ìbejì ti wọ yunifásítì. Èmi nìkan ló kù nílé ní Èbúté Mẹ́ta, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú pálọ̀ tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ. Orí itan ni abọ́ oúnjẹ mi máa ń wà. Mo máa ń kàwé títí iná á fi lọ, bí iná bá sì lọ, mo máa ń gbé àga sún mọ́ fèrèsé. Èèyàn tó ń ti àga kiri inú yàrá ni mí láti kékeré, ìyá mi a máa pariwo lé mi lórí nítorí ẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kì í ṣípò. Ilé tó ń bọ́ ọgọ́ta èèyàn lọ́jọ́ kan ni wọ́n kàn án fún. Bí mo bá gbé e wálé, èmi ni n ó máa yà fún un lọ́nà. Àtẹ̀gùn wa pàápàá kò fẹ̀ ju ínṣì 31 lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọn àtẹ̀gùn àti ilẹ̀kùn yín kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn àga méjì náà wà, ìwé ìròyìn àtijọ́ kún orí wọn. Àga Mọ́ríìsì ni. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ ìjọba rí á mọ̀ ọ́n: apá pẹrẹsẹ méjì, tìmùtìmù kan fún ìdí, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ William Morris ní London ló kọ́kọ́ ń tà á láàrin 1860 sí 1870. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, P.W.D., ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba, fi irú rẹ̀ kún kọ́tàsì ìjọba, àwọn káfíńtà wa sì sọ ọ́ di tiwọn. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n kàn níbí, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sún. Ti àwọn méjì yìí ń sún: ọ̀pá kan ń wọ inú eyín tí wọ́n gé sára igi lẹ́yìn. Eyín kìíní, o jókòó ṣánṣán. Eyín kẹta, o fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn.

"Ẹ jókòó bí ẹ ṣe ń jókòó nílé," ni Bàbá wí, "ẹ má jókòó bí àlejò." Mo bọ́ bàtà, mo ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́ ara mi. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, ẹ̀yìn mi tó máa ń ro mí kò sọ nǹkan kan. Ibi tí ọwọ́ ọ̀tún mi sinmi lé, pọ́líìṣì ti tán níbẹ̀, igi ọ̀gànwó náà ti ń dán fúnra rẹ̀, ó sì ti jìn díẹ̀ bí ojú àwo. Òrùka funfun mẹ́ta tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. "Ife tíì Bàbá nìyẹn," ni Màmá wí. Ọkọ wọn tó ti lọ ni. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ òrùka kan yí po, jẹ́jẹ́, wọ́n sì mú ọwọ́ kúrò.

Ọmọ ọmọ wọn ní, "Àǹtí, a lè fi sáńpépà ha gbogbo ẹ̀ kúrò, ká kùn ún ní funfun, ó máa tún ṣe." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá fi ọ̀dà bo igi tó ti lo ọdún tó báyìí kó tó ní àwọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fóòmù rẹ̀ ti kú, ìyẹn a ní láti pààrọ̀. Bàbá Káfíńtà á sì lẹ ibi tó sán lápá kejì. Àpá ọwọ́ àti òrùka ife ò gbọdọ̀ kúrò.

Mo san ₦90,000 fún méjèèjì. A dì wọ́n sẹ́yìn kòrópe, a gba Afárá Kátà, a dé Òyìngbò kí òjò tó dé.

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, Màmá pè mí.

"Ọmọ mi, ṣé ó kọjú sí fèrèsé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Má jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán máa pa á o. Tó bá ti di aago méjìlá, Bàbá a máa fà á sẹ́yìn."

"Mo ti gbọ́, mà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Èkejì ńkọ́? Ta ló jókòó sínú rẹ̀?"

"Kò tíì sẹ́nì kankan."

"Fi sílẹ̀ fún mi. Tí mo bá ti jáde ní Mísà lọ́la, mò ń bọ̀."