Ọkọ̀ nìkan kọ́ ni áńbúláǹsì

Àwọn èèyàn máa ń pè mí láti béèrè béèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ áńbúláǹsì ní Èkìtì, wọ́n pọ̀ gan-an, òmíì nínú wọn wà lókè òkun, owó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó fẹ́ ṣe nǹkan gidi fún ìlú ẹ̀, ohun tó sì máa kọ́kọ́ bi mí ni "èló ni wọ́n ń ta ọkọ̀ ẹ̀?" Ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Ọkọ̀ ló rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀! Tówó bá ti wà, ẹ máa rí ọkọ̀ rà. Iṣẹ́ gan-an wà kí ọkọ̀ tó gbéra, ó tún wà lẹ́yìn tó bá ti débi tó ń lọ.

Ẹ yà lọ sẹ́yìn àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó wà káàkiri ìgbèríko wa, ẹ máa rí áńbúláǹsì lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n kọ orúkọ olóṣèlú gàdàgbà sí i lára, afẹ́fẹ́ ti tán nínú gbogbo táyà, adìẹ ń yé sábẹ́ ẹ̀. Kì í ṣe pé ọkọ̀ yẹn bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé o. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jó, wọ́n jẹ ìrẹsì, àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló máa wà á lóru, ta ló máa bu epo sí i, ta ló máa gbé fóònù tó bá dún ní aago méjì òru.

Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kan la jọ dá tiwa sílẹ̀ ní Adó, wàhálà tó sì kọ́kọ́ kò wá lójú kì í ṣe owó, òkú ni. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí Èkìtì ṣe rí. Tó bá ti di Friday, áńbúláǹsì tẹ́ ẹ bá rí lójú títì, òkú ló wà níbẹ̀, wọ́n ti gbé e jáde ní mọ́ṣúárì, wọ́n ń gbé e lọ sílé, sáírẹ́nì ń ké, àwọn onífèrè ń fun fèrè níwájú, mọ̀lẹ́bí wọ aṣọ ẹbí lẹ́yìn. Ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. Torí ẹ̀, tí ọkọ̀ wa bá wọ àdúgbò báyìí, àwọn obìnrin á ká ọwọ́ lérí, "ta ló tún kú o?" Àwọn kan á bẹ̀ wá pé ká gbé ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ká má tan iná ẹ̀, àwọn á gbé aláìsàn wá bá wa.

Màmá kan wà ní Ìkẹ́rẹ́, mímí ti di ogun fún wọn, ètè ti ń dúdú, ẹsẹ̀ wú, a ti tẹ́ sítírẹ́ṣà sílẹ̀, màmá di férémù ilẹ̀kùn mú gírígírí, wọ́n láwọn ò ní wọ ọkọ̀ òkú láàyè. Ọmọ wọn ń sunkún, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun." Wọ́n ní, "Ìwọ lo fẹ́ sin mí? Mo ti kú ni?" Gbólóhùn méjì, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wá èémí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Dírébà wa ló bá wa yanjú ẹ̀, àgbàlagbà lòun náà, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú pálọ̀, ó ní "Yèyé, òkú kì í bú èèyàn báyìí. Ẹ ò ní dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀ mi rárá, ìjókòó lẹ máa jókòó." Ohun tó sọ yẹn bá ìṣègùn mu dáadáa, torí ẹni tómi bá ti kún ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, tẹ́ ẹ bá dá a dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ẹ fẹ́ pa á ni. A gbé ẹ̀yìn sítírẹ́ṣà sókè, wọ́n jókòó, a fi ọ́síjìn sí wọn nímú, ká tó dé Ajílósùn wọ́n ti ń bá ọmọ wọn jà pé kò ti géètì.

Lẹ́yìn ìyẹn la fẹnu kò pé àwa ò ní gbé òkú, ì báà jẹ́ tọba. Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Nínú òkú lowó wà! Ẹni tó ń sin bàbá ẹ̀ kì í dúnàádúrà lórí owó ọkọ̀, ó ti wà nínú bájẹ́ẹ̀tì ìnáwó, àmọ́ ẹni tá a sáré gbé lóru, tá a fi epo wa gbé, "ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín" ló máa ń parí sí. Àwọn kan nínú wa ní ká kúkú máa ṣe méjèèjì, ká fi owó òkú bọ́ alààyè. Mi ò gbà, mi ò sì tíì gbà dòní. Ọkọ̀ tó gbé òkú lánàá, aláboyún ò ní fẹ́ wọ̀ ọ́ lónìí, kódà kẹ́ ẹ fi Izal fọ̀ ọ́ látàárọ̀ dalẹ́.

Ní ti irú ọkọ̀, Sienna lọ̀pọ̀ èèyàn ń lò torí kò wọ́n púpọ̀, èmi ò fẹ́ ẹ. Òrùlé ẹ̀ ti kéré jù. Tọ́kàn èèyàn bá dúró, àyà lẹ máa tẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá yín gbọ́dọ̀ nà tọ́ọ́rọ́, kí èjìká yín wà lókè àyà onítọ̀hún gangan. Níbo lẹ ti fẹ́ rí àyè ìyẹn nínú Sienna? Bọ́ọ̀sì HiAce olórùlé gíga la rà, tòkunbọ̀ náà ni, wẹ́dà ló bá wa ṣe ibi tí sítírẹ́ṣà máa jókòó sí. Kódà nínú HiAce yẹn náà, tọ́kọ̀ bá ń sáré bọ́ sí kòtò, èèyàn ò lè tẹ àyà bó ṣe yẹ, nígbà míì a máa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni ká fi tẹ̀ ẹ́.

Ọ́síjìn wá ni nǹkan téèyàn ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Sìlíńdà kékeré tí wọ́n ń pè ní E, tó bá kún dẹ́nu, bíi lítà 680 ló wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí i sí lítà 10 ní ìṣẹ́jú, wákàtí kan ó lé díẹ̀, ó ti tán. Lítà 15, bí ìṣẹ́jú 45 péré. Ẹ wá gbé ìyẹn ka ojú ọ̀nà Èkìtì. Láti Òmùò wá sí Adó, ju wákàtí kan lọ ni, ìyẹn tọ́ọ̀nà bá gbà, ká má tíì sọ pé táyà jò tàbí màálù ń sọdá. Nítorí náà kì í ṣe "ṣé ọ́síjìn wà?" la máa ń béèrè, "ó kù mélòó, ibo la ń lọ?" ni. Gbogbo àárọ̀ lẹni tó gba iṣẹ́ máa ń wo géèjì, á tan ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, á ka dríìpù, á ka ìbọ̀wọ́, kó tó mu tíì. Sìlíńdà gbọ́dọ̀ wà ní dídè mọ́ ara ọkọ̀ torí tọ́kọ̀ bá gbá nǹkan, sìlíńdà yẹn lè pa gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn. Spánà tí wọ́n fi ń ṣí i, okùn la fi so ó mọ́ ọn lọ́rùn, torí spánà yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń sọnù ju ọmọ ewúrẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn tó ń tán lọ́nà yìí náà ló jẹ́ kí n máa bá àwọn tó rò pé gbogbo aláìsàn, Adó ni kó máa bọ̀, jiyàn. Ẹni tó bá wà ní apá Ìjerò tàbí Ọ̀tùn, Ìdó ló sún mọ́ ọn, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, kí lẹ wá fẹ́ gbé e wá ṣe ní Adó?

Dírébà. Wọ́n á ní ẹ wá ẹni tó lè sáré. Irọ́ ni! Ẹni tó lè sáré pọ̀ ní gáréèjì. Èyí tá à ń wá ni ẹni tó rántí pé èèyàn ń dúró lẹ́yìn, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Dírébà wa, tá a bá ń sọ̀kalẹ̀ ní òkè Ẹ̀fọ̀n, kó tó wọ kọ́nà kọ̀ọ̀kan, á pariwo "kọ́nà òsì!" "kọ́nà ọ̀tún!", àwa tá a wà lẹ́yìn á ti di irin òkè mú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, òun fúnra ẹ̀ ló ronú ẹ̀. Ní ti sáírẹ́nì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e jàre. Ní Fajuyi, ọlọ́kadà á bojú wo ẹ̀yìn, á rí i pé áńbúláǹsì ni, á tún máa lọ tìẹ jẹ́jẹ́, èmi ò sì bá a wí tán, torí àwọn tó gbé òkú ń fọn ọ́n, àwọn tó gbé owó báńkì ń fọn ọ́n, àwọn olóṣèlú tó ń lọ jẹun náà ń fọn ọ́n. Tí ọ̀nà bá wá là báyìí, takisí kan á lẹ̀ mọ́ wa nídìí, òun náà fẹ́ bá ibẹ̀ kọjá.

Ẹ wá gbọ́ ti fóònù. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo Nàìjíríà, 122 ni ti Road Safety, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ẹ sọ fáwọn ọmọ yín. Àmọ́ àwa èèyàn wa, pásítọ̀ la kọ́kọ́ ń pè, lẹ́yìn náà ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó, ẹ̀gbọ́n yẹn ló máa wá pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ní nọ́ńbà wa, kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ wà ní Ìkòròdú, aláìsàn wà ní Ìyìn. Ohun àkọ́kọ́ tá à ń gbà ni nọ́ńbà ẹni tó dúró ti aláìsàn gan-an. Ọ̀rọ̀ á wá rí báyìí:

"Ẹ tètè wá o, bàbá ti ṣubú!"
"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Níbo lẹ wà?"
"Ulé wa ni!"
"Àdúgbò wo mà?"
"Ẹ̀yìn ulé Bàbá Tísà. Ẹ bá ti débi tí wọ́n ti ń lọ gààrí, ẹ bi wọ́n."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sí nọ́ńbà lára ilé, ibi tí wọ́n ti ń lọ gààrí yẹn ni àdírẹ́sì, ẹni tó gbé fóònù sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n béèrè láìjágbe mọ́ èèyàn: ìlú wo, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí wo ló wà nítòsí, ṣé bàbá ń dáhùn tẹ́ ẹ bá pè wọ́n, ṣé àyà wọn ń lọ sókè sódò, ẹ̀jẹ̀ ń jáde? Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ mú aṣọ mímọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kankan, ẹ má ṣí i wò títí tá a fi máa dé. Ká tó jáde ní géètì, ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tówó bá kéré, ẹni tó ń gbé fóònù lóru lẹ kọ́kọ́ san owó ẹ̀, ẹ jẹ́ kí èmi dúró.

Torí ohun táwọn èèyàn máa ń ṣe kí á tó dé, ó máa ń dun èèyàn. Ọmọ mu kẹrosíìnì, wọ́n á da epo pupa sí i lẹ́nu, ọmọ á bì, ibi tó ti ń bì yẹn ni kẹrosíìnì ti máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn gan-an ló ń pa wọ́n. Ẹni tí gìrì mú, wọ́n á ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín á kán. Ejò bu àgbẹ̀ jẹ lóko, wọ́n á fi bíléèdì gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi okùn dì í pinpin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn dúró jẹ́ẹ́, kó má rìn, ẹ gbé e wá. Àwọn ọlọ́kadà la wá lọ bá, torí àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ débi tí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀, a kọ́ wọn pé ẹni tí ọkọ̀ gbá, wọn kì í fà á lápá fà á lẹ́sẹ̀, ọrùn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Wọ́n gbọ́ ju àwọn alákọ̀wé kan lọ.

Ilé ìwòsàn náà ní tiẹ̀. Òfin ìlera ti 2014, abala 20, ó ní kò sí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Òfin yẹn náà ló ya owó kan sọ́tọ̀ fún ìlera, ìdá 5 nínú 100 ẹ̀ jẹ́ ti pàjáwìrì. Ó dáa lórí ìwé. Ẹ dé ẹnu géètì lóru, kí wọ́n ní "kò sí bẹ́ẹ̀dì." Ìdí nìyẹn tá a fi ń pè wọ́n kó tó di pé a gbéra, a máa ń béèrè orúkọ ẹni tó ní ká máa bọ̀. Ohun kan wà táwọn èèyàn ò mọ̀: tí kò bá sí bẹ́ẹ̀dì, sítírẹ́ṣà wa náà ló máa di bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ̀ wa wà níta, epo wà nínú ẹ̀, dírébà jókòó, àmọ́ sítírẹ́ṣà wà nínú wọ́ọ̀dù lábẹ́ aláìsàn, fóònù ń dún láti Ìlawẹ́, kò sí bá a ṣe fẹ́ lọ. Sítírẹ́ṣà kejì la kọ́kọ́ fi owó rà, ṣáájú ọkọ̀ kejì.

Owó epo, látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ní May 2023, mi ò ní sọ púpọ̀. Ohun tó ń gbé wa dúró ni pé tí wọ́n bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù tàbí tí ìjọ kan fẹ́ pàgọ́, wọ́n á san owó fún wa ká wá dúró síbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ìlú kan náà sì ń dá owó lóṣooṣù. Owó yẹn la fi ń gbé ẹni tí kò ní.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ ta ìlú ẹ̀ lọ́rẹ, mi ò ní kó má ṣe é, àmọ́ kó kọ́kọ́ ṣírò owó epo, owó dírébà, owó ọ́síjìn àti owó ẹni tó ń gbé fóònù fún ọdún méjì, kó tó lọ kun ọkọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa pè wá, ìlú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹ rán ẹnì kan sójú títì kó di tọ́ọ̀ṣì mú, ẹ gbé àga kúrò lójú ọ̀nà pálọ̀, ẹ kó gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò sínú lọ́ra kan, títí kan àgbo. Ẹ dákun, ẹ so ajá. Dírébà wa ò tíì dárí ji ajá kan ní Ìgèdè.