Ẹ mọ ìgò yín kí ẹ tó dé ọpọlọ eku

Eku tí mo kọ nọ́ńbà 7 sí nírù ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Ọ̀sẹ̀ kejì iṣẹ́ ìwádìí mi lórí ọtí àti ọpọlọ eku ni, ní Òṣogbo níbí, ìwé mi sì ń sọ pé eku yìí ń mu ọtí ní ìlọ́po mẹ́ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti ń fọ́nnu pé mo ti rí ọ̀mùtí. Bàbá tó ń bá wa tọ́jú àwọn ẹranko bẹ̀rẹ̀, ó bu lẹ́búlẹ́bú pákó tó wà lábẹ́ kéèjì, ó gbé e símú. Ó ní, "Dókítà, ilẹ̀ ló ń mutí yìí o." Ẹnu ìgò ló ń jò. Mi ò tíì di dókítà kankan nígbà náà, bàbá ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ọtí àti dopamine, èròjà kan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ibi ìgò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìgò méjì ni fún eku kọ̀ọ̀kan, omi nínú ọ̀kan, ọtí nínú èkejì. Ẹ máa pààrọ̀ ipò wọn lójoojúmọ́, torí eku mìíràn wà tó jẹ́ pé apá ọ̀tún ló fẹ́ràn, kì í ṣe ọtí. Ẹ gbé irú ìgò méjì kan náà kọ́ sára kéèjì tí kò ní eku nínú. Ohun tó bá dín níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ti gbogbo eku yòókù. Tí ooru oṣù kẹta bá mú ní Òṣogbo, tí NEPA tún múná lọ, ọtí á máa fò lọ ni.

Ẹ wọn ìgò lórí òṣùwọ̀n, ẹ má fojú wò ó. Ẹ wọn eku náà. Eku tó wọn gíráàmù 250 tó bá mu mílílítà 10 nínú ọtí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti gba nǹkan bíi gíráàmù 3.2 ògidì ọtí fún kílò kan ara rẹ̀. Nọ́ńbà yìí ló ṣeé fi wé ti ẹlòmíràn. Mílílítà lásán kò sọ nǹkan kan.

Ó wá ku ọpọlọ. Oríṣi receptor dopamine 5 ló wà, D1 dé D5; receptor ni ohun tó wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gba iṣẹ́ tí dopamine bá jẹ́. D1 àti D5 máa ń ta sẹ́ẹ̀lì jí, àwọn mẹ́ta yòókù máa ń mú un rọlẹ̀. Ọtí máa ń mú kí dopamine pọ̀ sí i ní apá kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní nucleus accumbens. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sínú tíísìsì yín pé "omi ayọ̀" ni dopamine, bí àwọn onírédíò ṣe máa ń wí.

Iṣẹ́ tó mú mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001. Wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára gbé jíìnì D2, ìyẹn àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe D2, wọ nucleus accumbens àwọn eku tó ti mọ ọtí í mu. D2 lọ sókè ní ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún, ọtí tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń mu sì já wálẹ̀ ní ìdá 64. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: bí D2 ṣe ń padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn eku náà ń padà sídìí ọtí. Eku kan náà ni, ìgò kan náà ni.

Ẹ má tíì pariwo o. Ní 1998, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ lórí àwọn eku kéékèèké tí wọn kò ní D2 rárá láti inú oyún. Ẹni tó bá gbọ́ ti 2001 nìkan á rò pé ọ̀mùtí paraku ni wọ́n máa jẹ́. Rárá, ọtí díẹ̀ ni wọ́n ń mu. Lójú tèmi, àìní D2 níbikíbi láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé kì í ṣe òdìkejì fífi kún un níbì kan lára eku tó ti dàgbà.

Èmi náà fẹ́ já ọgbọ́n. Mo fún àwọn eku mi ní abẹ́rẹ́ haloperidol, oògùn tó máa ń dí D2. Ọtí tí wọ́n mu lọ sílẹ̀ dé ìdajì. Mo sáré pe ọ̀gá mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí: "Omi ńkọ́?"

Omi náà ti lọ sílẹ̀. Nígbà tí mo tún fún wọn lábẹ́rẹ́, ọ̀gá mi wọlé, wọ́n mú eku kan, wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí bírò kan tí wọ́n dì mú. Eku tára rẹ̀ yá á ti sọ kalẹ̀ kíá. Èyí dúró gbọnin bí ère, imú rẹ̀ nìkan ló ń mì, a kà dé ọgọ́ta kò kúrò. Kì í ṣe pé ọtí sú u, kò rí ara gbé dé ìdí ìgò ni. A dín oògùn kù, a sì ń ka ìrìn wọn kí a tó gbé ìgò kankan wọlé.