Táyà tó jò ní Abẹ́òkúta, táyà tó jò ní Ìlú Ọba

Láti ìgbà tí mo ti kó wá sí Manchester, fọkanáísà ilé ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù tó bá di ọ̀rọ̀ mọ́tò. Bí táyà bá jò fún yín láàárín Kútọ̀ sí Pánṣẹ́kẹ́, ẹ ò ní í rìn jìnnà kí ẹ tó rí ògbólógbòó táyà tí wọ́n gbé dúró sẹ́bàá títì, tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ wo ló jò?"

Kí ẹ tó yanjú ọ̀rọ̀ owó, jáàkì ti wọ abẹ́ mọ́tò. Yóò da omi ọṣẹ sára táyà, ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ni ihò wà. Ẹ̀yin náà á fojú ara yín rí i. Ìṣó tó bá yọ jáde, yóò fi lé yín lọ́wọ́.

Níbí, ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun ni kò ní sípéà. Oje inú ike kan àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré ni ẹ ó bá nínú búùtù. Oje yìí yóò dí ihò náà títí ẹ ó fi dé ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n táyà tí oje bá ti wọ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tuntun ni wọ́n á ní kí ẹ rà.

Síbẹ̀, n ò ní torí pé mò ń ṣàárò ilé kí n parọ́: wọ́n mọ táyà lẹ̀ jù wá lọ. Ìlànà BS AU 159 tí wọ́n ń tẹ̀ lé níbí sọ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tó wà láàárín ojú táyà nìkan ni a lè lẹ̀. Bí ihò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tán. Wọ́n á bọ́ táyà kúrò lára ríìmù, wọ́n á yẹ inú rẹ̀ wò, inú náà ni wọ́n á sì ti lẹ̀ ẹ́. Lọ́dọ̀ wa, okùn rọ́bà ni ọ̀pọ̀ ń tì bọ ihò láti ìta, kò sẹ́ni tó wo inú. Bẹ́ẹ̀ táyà tó ti sáré láìní afẹ́fẹ́ tó, inú rẹ̀ lè ti fàya kí ìta ṣì máa dán. Irú ẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù lórí títì Abẹ́òkúta sí Ṣágámù, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń tẹná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí fọkanáísà yín bọ́ táyà náà, kó wo inú rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ta mọ́tò gan-an ló dùn mí jù níbí. Iná tó ń kìlọ̀ nípa táyà tàn nínú mọ́tò mi, mo gbé e lọ bá wọn. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ló gba kọ́kọ́rọ́. Mẹkáníìkì wà lẹ́yìn ògiri, n ò rí i sójú. Wọ́n ní àwọn ti ṣe é, wọ́n gbowó, iná náà tún tàn kí n tó délé. Wọ́n tún fẹ́ gba owó mìíràn láti yẹ̀ ẹ́ wò! Consumer Rights Act ti 2015, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà níbí, ló gbèjà mi: ẹni tó bá gbowó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìmọ̀ àti ìfarabalẹ̀ ṣe é, bí kò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, kó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kó dá díẹ̀ padà nínú owó. Mo kọ lẹ́tà, mo so rìsíìtì mọ́ ọn, wọ́n sì tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Nàìjíríà náà ní òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ FCCPC ló ń rí sí i. Ṣùgbọ́n láìsí ìwé, kí ni ẹ ó fi hàn wọ́n? Bí mẹkáníìkì àdúgbò bá ba iṣẹ́ jẹ́, ọ̀gá rẹ̀ tàbí alága ẹgbẹ́ wọn là ń fẹjọ́ sùn, wọ́n á sì parí ẹ̀ lórí ìjókòó. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ta mọ́tò kò sí lábẹ́ alága kankan. Tí ẹ bá gbé mọ́tò lọ bá wọn, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé tí wọ́n kọ ohun tó ṣe mọ́tò, ohun tí wọ́n pààrọ̀ àti déètì sí.