Kí Ẹṣin Má Ṣubú: Ohun Tí Fífò Lórí Ilẹ̀ Yangí Àbújá Kọ́ Mi

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gun ẹṣin ní Àbújá, Kàdúná àti Jos, tí ọkàn yín sì ti ń fà sí fífo igi àti kòtò, ọ̀rọ̀ kan ni mo ní í bá yín sọ. Kí èèyàn já bọ́ lórí ẹṣin dunni, ó sì lè ṣẹ́ni lápá. Ṣùgbọ́n èyí tó ń pa ẹlẹ́ṣin jù nínú eré yìí ni kí ẹṣin fúnra rẹ̀ ṣubú, kó sì wó lé ẹni tó gùn ún. Láti ìgbà tí èyí ti yé mi dáadáa ni ojú tí mo fi ń wo gbogbo nǹkan ti yí padà: igi tí a tò, ilẹ̀ tí a ó sá lórí rẹ̀, àní aago tí a ó jáde nílé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni eré tí wọ́n ń pè ní eventing pín sí, ó sì ti wà nínú Òlíńpíìkì láti ọdún 1912. Ẹṣin á kọ́kọ́ fi ìrìn àti ìgbọràn rẹ̀ hàn nínú pápá. Lẹ́yìn náà, á sáré gba oko àti igbó, á máa fo ìtì igi, kòtò àti omi. Níkẹyìn, á fo àwọn ọ̀pá aláwọ̀ nínú pápá. Ọ̀pá inú pápá yẹn, bí pátákò bá kàn án, á já sílẹ̀, máàkì nìkan ló lọ. Ìtì igi inú igbó kì í já. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Bí ẹṣin bá pẹ́ kó tó gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, tí òkè ẹsẹ̀ náà tàbí àyà rẹ̀ sì kọlu igi tí kì í mì, iwájú rẹ̀ dúró nìyẹn, ṣùgbọ́n eré tó ń bá bọ̀ kò dúró. Ìdí rẹ̀ á gbéra, á gba òkè orí kọjá, ẹṣin á sì tàkìtì. Ẹlẹ́ṣin ti balẹ̀ níwájú, ẹran tó lè tó 500 kìlógíráàmù sì ń bọ̀ lókè. Ẹ̀wù ààbò wo ló fẹ́ gba ìyẹn dúró?

Ní ọdún 1999, ẹlẹ́ṣin márùn-ún ló kú nídìí eré yìí nílùú ọba láàárín sáà kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀, tí Lord Hartington jẹ́ alága rẹ̀, gbé àbọ̀ jáde ní 2000. Olórí ìmọ̀ràn wọn ni pé kí wọ́n ṣe gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣe kí ẹṣin má bàa ṣubú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni frangible pin dé: irin tí wọ́n fi gbé igi dúró, tó ń ṣẹ́ bí ìkọlù bá le, kí igi lè wálẹ̀ kí ẹṣin tó yí. Àwọn ará Sweden náà ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní MIM.

Ẹ ò lè wọ ọjà Dei-Dei kí ẹ ní ẹ fẹ́ ra irú irin bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sì ń rí káàkiri ni pé àwọn ọ̀dọ́ á wo àwòrán lórí fóònù, wọ́n á ra ìtì igi ńlá, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n mọ́lẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ti òyìnbó ṣe rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Bí ẹ kò bá ní irin tó ń ṣẹ́, ẹ má mọ igi mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ọ̀pá lé orí èèkàn lásán, kí ẹ má fi wáyà tàbí okùn dè é. Níbi tí à ń lò, àbúrò wa obìnrin kan ń bọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹṣin rẹ̀ ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó fi àyà gbá ọ̀pá òkè. Ọ̀pá yí lọ sínú koríko, ẹṣin fi orúnkún kan ilẹ̀, ó sì dìde. Ọmọbìnrin náà ṣì wà lórí gàárì, ó ń gbọ̀n. Ká ní ìtì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ni, n kò fẹ́ ronú síbẹ̀.

Bí a ṣe ń to igi náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹgbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, kì í rí ohun tó wà nísàlẹ̀ imú rẹ̀ gan-an. Nígbà tó bá fẹ́ gbéra, igi náà ti kúrò lójú rẹ̀. Ohun tó ti rí láti òkèèrè ló fi ń fò. Nítorí náà, ẹ tẹ́ ọ̀pá kan sílẹ̀ díẹ̀ ṣíwájú ìdènà kó lè mọ ibi tí ilẹ̀ ti parí. Ẹ jẹ́ kí iwájú ìdènà dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kó má dúró ṣánṣán bí ògiri. Ẹṣin kì í dá pupa mọ̀ bíi tiwa, àwọ̀ búlúù àti yẹ́lò ló hàn sí i jù. Igi tó ní àwọ̀ ilẹ̀ lórí ilẹ̀ yangí tiwa yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Nílùú ọba, wọ́n ti ń kun ìdènà eré ìje ní àwọ̀ ọsàn tipẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ojú ẹṣin wò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi funfun rọ́pò rẹ̀ ní 2022. Ọ̀dà funfun kò wọ́n. Ẹ kùn ún.

Ilẹ̀ wá ni èyí tí kò sí nínú àwòrán òyìnbó. Nígbà ọyẹ́, yangí le débi pé gbogbo ìbalẹ̀ ni iṣan ẹsẹ̀ ẹṣin ń jẹ nínú rẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá wá dé, òkè ilẹ̀ nìkan ló rọ̀, ìsàlẹ̀ ṣì le, ẹsẹ̀ á sì yọ̀ gan-an. Àsìkò méjèèjì yìí, n kì í fo ohunkóhun tó bá ga. Àárín òjò, nígbà tí koríko ti hù tí ilẹ̀ sì ti mu omi, ni ilẹ̀ dára jù, bí kò bá ti di ẹrẹ̀. Ìgbà yòówù kó jẹ́, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rin ọ̀nà náà láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ sáré, kì í ṣe lánàá. Ihò òkété lè wà níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Àgbàrá òru lè ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìdènà. Koríko máa ń bo ọ̀gán mọ́lẹ̀. Àwọn Fúlàní lè ti da màálù gba ibẹ̀ kọjá, ojú ẹsẹ̀ màálù tó gbẹ sínú amọ̀ sì tó láti rọ́ ẹṣin lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà ẹlẹ́ṣin lágbàáyé ń rin ọ̀nà wọn kí wọ́n tó gùn ún. Ta ni àwa?

Ooru sì tún ń bẹ. Ẹṣin tó ti rẹ̀ ni kì í gbé ẹsẹ̀ sókè tó, òun náà ló ń tàkìtì. Nínú oṣù kẹta àti ìkẹrin níbí, a gbọ́dọ̀ ti ṣe tán kí oòrùn tó mú. Kódà ní Òlíńpíìkì Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021, òwúrọ̀ ni wọ́n gbé eré inú igbó sí nítorí ooru. Bàbá kan ló ń tọ́jú ẹṣin níbi tí à ń lò, ọmọ Katsina tó gbé Sábó n'Ìbàdàn títí Yorùbá fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó rí mi tí mo gbé garawa omi, ó ní, “Ọmọ mi, ẹṣin tó ń làágùn, a kì í da omi tútù lé e. Yóò rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀.” Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ẹṣin ló gbà bẹ́ẹ̀, àwọn òyìnbó náà sì gbà á fún ìgbà pípẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe nítorí ooru Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996 ló fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: omi tútù, kódà èyí tí yìnyín wà nínú rẹ̀, ni kí a máa dà sí i lára láìdáwọ́dúró. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi tẹmọ́mítà wò ó.” Ara ẹṣin tó sinmi máa ń wà láàárín 37.5 sí 38.5°C, ti ẹṣin yẹn ti kọjá 40. A da omi, a tún wọ̀n ọ́n, ó ń wálẹ̀. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, òun ló máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, “Omi ti délẹ̀?” kí a tó di gàárì.

Ní ti ohun tí a ń wọ̀: ẹ má ra àṣíborí tòkunbọ̀. Àṣíborí tó bá ti gba ìgbá kan rí, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, bí kò tilẹ̀ hàn lójú, ẹni tó ń tà á kò sì lè sọ fún yín ohun tójú rẹ̀ ti rí. Ti okadà náà kọ́. Ẹ wo inú rẹ̀ bóyá wọ́n kọ àmì ìdánwò ààbò bíi PAS 015 tàbí ASTM F1163 sí i. Ẹ̀wù ààbò dára fún egungun ìhà, ṣùgbọ́n kò dé ọrùn. Christopher Reeve, òṣèré Amẹ́ríkà, wọ àṣíborí àti ẹ̀wù ààbò nígbà tí ẹṣin rẹ̀ kọ̀ níwájú ìdènà ní 1995. Ọrùn ló fi gbà á, kò sì lè rìn mọ́ títí ó fi kú. Ẹ wọ bàtà tó ní gìgísẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín má bàa há sínú irin gàárì kí ẹṣin sì wọ́ yín lọ.

Àwọn àgbà wa ní bí ẹṣin bá dá ni, ṣe là á tún un gùn. Mo fẹ́ràn òwe yìí, ìgboyà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí pápá, mo ti dúró mọ́lẹ̀ pé a kò ní í lò ó fún ẹni tó fi orí gbálẹ̀. Òfin àjọ FEI tó ń darí eré yìí lágbàáyé náà ṣe kedere: bí ẹlẹ́ṣin tàbí ẹṣin bá ṣubú nínú eré inú igbó, eré tán fún wọn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà léraléra, tó ń bì, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, kò gbọdọ̀ gun ohunkóhun títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀. Bí ọrùn bá ń dùn ún, ẹ má gbé e dìde, ẹ má sì bọ́ àṣíborí rẹ̀ àfi tí kò bá lè mí. Kí ọkọ̀ kan ti kọjú sí títì kí ẹnikẹ́ni tó gun ẹṣin, kí awakọ̀ rẹ̀ má sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń sáré. Kí gbogbo yín ti mọ ilé ìwòsàn tí ẹ ń gbé e lọ, ẹ̀yin tó mọ bí títì Kubwa ṣe máa ń rí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.

Ẹṣin náà ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ so ó mọ́lẹ̀ nítorí pé ó dìde. Ẹ fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òkè dé pátákò, ẹ wá ibi tó gbóná. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnì kan fi okùn fà á sáré díẹ̀ lórí ilẹ̀ líle, kí ẹlòmíràn dúró síwájú máa wo bí orí rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Bí ó bá ń tiro, ẹ pe dókítà ẹranko, ẹ fi gàárì sílẹ̀ lórí èèkàn.