Ohun tí ìsinmi ọjọ́ márùn-ún ní Santa Fe kọ́ èmi àti ọkọ mi

Ó pé ogún ọdún tí èmi àti ọkọ mi ti ṣègbéyàwó, síbẹ̀ a kò tíì jọ rin ìrìn àjò kan rí tí kì í ṣe nítorí ìnáwó, ìsìnkú tàbí iṣẹ́. Nígbà tí a fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Houston ní oṣù Kẹsàn-án, tí a sì forí lé Santa Fe, olú ìlú ìpínlẹ̀ New Mexico, ibi mẹ́rìnlá ni mo kọ sínú ìwé pé a gbọ́dọ̀ dé. Mẹ́fà péré ni a dé, inú mi sì dùn sí i.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ gbígbẹ orí òkè ni ìlú náà wà, gíga rẹ̀ láti ìpele òkun sì tó ẹsẹ̀ bàtà 7,000. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì gbẹ bí ti ìgbà ọyẹ́. Ọjọ́ tí a dé gan-an ni mo fẹ́ kí a rìn yí àárín ìlú ká, ṣùgbọ́n kí a tó rìn jìnnà, ẹ̀fọ́rí ti mú mi, ọkọ mi náà sì ń mí gúlegúle. Ó ní, "Ìyá Tólú, jẹ́ ká jókòó." Nítorí náà, ẹ má ṣe ṣètò ohunkóhun sí ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín, kí ẹ sì mú aṣọ òtútù dání, nítorí alẹ́ ibẹ̀ máa ń tutù.

Ibi tí a jókòó sí ni gbàgede tí wọ́n ń pè ní Plaza. Ní ọ̀kánkán wa ni ààfin àwọn gómìnà àtijọ́ wà, èyí tí àwọn ará Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1610. Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ ń ta ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka fàdákà. Òfin ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ń tà á tàbí ti ará ilé rẹ̀ nìkan ni a lè pàtẹ. Ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ṣe é kí ẹ tó bi wọ́n ní iye owó.

Ohun tí n kò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri San Miguel, ọ̀kan lára àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí ó pẹ́ jù lọ ní Amẹ́ríkà. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ará Pueblo, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ agbègbè náà, ti ń fi amọ̀ kọ́lé níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Àwọn ará Sípéènì ni wọ́n mú àṣà pípò ó mọ́ koríko gbígbẹ, títẹ̀ ẹ́ sínú àpótí pákó kí ó lè di búlọ́ọ̀kù, àti sísá a sóòrùn dé. Bí ọkọ mi ṣe fi ọwọ́ kan ògiri náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ bí òun ṣe fi ẹsẹ̀ po amọ̀ ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ìyá rẹ̀ ń ru omi, tí ó sì ń kọrin fún wọn. N kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n ti wó ilé yẹn, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1957 ni òfin Santa Fe ti ń dáàbò bo ìrísí ilé amọ̀ ní àárín ìlú. Ó dùn mí wọra. Ìdajì ọjọ́ ni a lò níbẹ̀. Ká ní a ń sáré lọ síbi keje ni, n kò ní gbọ́ ìtàn náà.

Ní ti oúnjẹ, oṣù Kẹsàn-án dára, nítorí ìgbà náà ni wọ́n ń sun ata tuntun nínú agbọ̀n irin tí ń yí lórí iná, tí òórùn rẹ̀ sì ń gba òpópónà. Wọn yóò bi yín bóyá ata pupa tàbí aláwọ̀ ewé ni ẹ fẹ́, ẹni tí ó bá fẹ́ méjèèjì yóò dáhùn pé "Kérésìmesì." Kò ta tó ata rodo wa.

Ẹ lè wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Albuquerque, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀. Bí owó bá ká a, ẹ gba yàrá tí ó ní ààrò amọ̀ ní igun ilé, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi igi piñon, irú igi páìnì kékeré kan, dá iná sí i ní alẹ́. Òórùn èéfín rẹ̀ dà bí tùràrí, a sì máa ń jókòó tì í títí yóò fi kú.