Àpótí fóònù pupa: ìdí tí ti Èkó kì í fi í jọ ti Ìlú Ọba

Láti Sùúrùlérè títí dé Oníkan, àwọn gbọ̀ngàn ayẹyẹ àti ilé ọtí ń gbé àpótí fóònù pupa síta kí àlejò lè dúró tì í ya fọ́tò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò jọ ojúlówó rárá. Àwọn tó ń ṣe é rò pé ọ̀dà pupa ló parí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ló ń tú wọn fó.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni K6, tí Giles Gilbert Scott, ayàwòrán ilé ní Ìlú Ọba, ya àwòrán rẹ̀ ní 1935 fún àjọyọ̀ ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún gorí oyè. Òun náà ló ya K2 tó kọ́kọ́ dé ìgboro London ní 1926, ṣùgbọ́n ìyẹn tóbi, owó rẹ̀ sì ga jù, ni kò fi tàn kálẹ̀. K6 ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ínṣì 3, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 níhà kọ̀ọ̀kan. Irin dídà ni ara rẹ̀, igi tíìkì ni ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì wúwo tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tọ́ọ̀nù kan.

Ẹ ka gíláàsì rẹ̀: ìlà 8 láti òkè dé ìsàlẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta lórí ìlà kan, ti àárín fẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tín-ín-rín. Ti K2 jẹ́ ìlà 6, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dọ́gba. Ibí ni wẹ́dà wa ti ń ṣìnà. Á pín ojú gíláàsì dọ́gba bíi fèrèsé ilé, á tún gbé e sórí gíga K6. Àwọn kan tilẹ̀ ń lẹ gíláàsì ńlá kan ṣoṣo, wọ́n á wá fi téèpù pupa fa ìlà sí i. Oòrùn Èkó ò ní í jẹ́ kí téèpù yẹn pẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, páìpù onígun mẹ́rin ínṣì kan tó fún férémù. Òrùlé ló le jù, torí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tẹ̀ kọrọdọ kí wọ́n tó pàdé lókè. Ẹ má fi ṣíìtì pẹlẹbẹ bò ó. Ẹ gbé e fún àwọn tó ń fi fíbà ṣe bọ́ńpà mọ́tò ní Ládípọ̀. Pláíwúùdù ò yẹ ìta: ìsàlẹ̀ ló ti máa ń mu omi wú, àsìkò òjò kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ da kọnkéré ínṣì 4 sábẹ́ rẹ̀, kó dà díẹ̀ síwájú kí omi lè ṣàn lọ, kí ẹ sì fi bóòtù mẹ́rin dè é mọ́lẹ̀, torí ti wa ò wúwo, atẹ́gùn lè gbé e ṣubú. Àmì adé ọba tó wà lára K2 ní ihò wẹ́wẹ́ kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹ̀yin náà, ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àkọlé TELEPHONE, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹni tó wọlé lọ́sàn-án á làágùn.

Fún ọ̀dà, ẹ má kàn sọ pé “réèdì”. Nọ́ńbà àwọ̀ náà nínú ìlànà àwọ̀ ti Ìlú Ọba ni BS 381C 539. Ẹ kọ́kọ́ fi red oxide, ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kùn ún lẹ́ẹ̀méjì lábẹ́, pàápàá létí Marina níbi tí iyọ̀ ti wà nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú á ṣá bíi òdòdó kí ọdún tó yípo.

Ní Ìlú Ọba fúnra rẹ̀, nǹkan bí 92,000 àpótí fóònù ló wà ní 1992, kí fóònù alágbèéká tó gba iṣẹ́ wọn. Láti 2008 ni BT, ilé iṣẹ́ fóònù wọn, ti ń ta àpótí pupa fún àwọn abúlé ní pọ́n-ùn kan ṣoṣo, láìsí fóònù nínú rẹ̀. Òmíràn di ibi ìyáwèé, òmíràn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí sí. Irin tó wúwo ló jẹ́ kó ṣeé fún níṣẹ́ mìíràn. Ti NITEL tiwa ò rí bẹ́ẹ̀: nígbà tí GSM dé ní 2001, àwọn alágboòrùn tó ń ta kọ́ọ̀lù létí títì ló jogún oníbàárà wọn. (Àwọn ará ibẹ̀ náà á sọ fún yín pé ìtọ̀ ló ń rùn nínú púpọ̀ àpótí pupa yẹn. Fọ́tò kì í rùn.)

Bí ẹ bá fẹ́ ra ojúlówó wá sí Èkó, ẹ ṣírò owó kíréènì mọ́ owó ọkọ̀ ojú omi. Òjé máa ń wà nínú ọ̀dà àtijọ́ ara rẹ̀, nítorí náà kí oníṣẹ́ má fi sánpépà gbígbẹ ha á, kó má sì fi iná jó o. Kó fi kẹ́míkà rọ̀ ọ́, kó wọ ìbòmú, kó sì kó èérún rẹ̀ sínú àpò tó ṣeé dì.